Golf 4 GTI tó ń jó lójú títì: ṣọ́ọ̀kì wo ni ká rà, ṣé ká sọ ọ́ kalẹ̀ àbí ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Golf 4 GTI 1.8T ni mò ń wà, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ sí Èkó. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń jo ọ́ìlì, iwájú ń dún gbá-gbá tí mo bá ti wọ kòtò, tí mo bá sì fẹ́ gba kọ́nà lórí eré, ọkọ̀ á kọ́kọ́ fì kó tó tẹ̀lé mi. Mẹkáníìkì mi ní ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Gate. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú sìpíríǹgì tí gíga wọn ṣeé yí, kí n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó lè rí bíi GTI gidi. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èwo ni kí n ṣe?"

*

Àbúrò, má tíì náwó kankan ná. Gbá-gbá tó ń dún níwájú yẹn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ṣọ́ọ̀kì rárá. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ijó ló máa ń jó: o ti kọjá kòtò tán, ọkọ̀ ṣì ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀, o tẹ bíréèkì, imú ẹ̀ á dorí kodò, o yà sí kọ́nà, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mọ̀ pé o ti yí sítíárìn. Èyí tí o sọ nípa kọ́nà yẹn, ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ dájúdájú. Ṣùgbọ́n gbá-gbá yẹn, irin tó ń lu irin ni, rọ́bà tó yẹ kó wà láàárín wọn ló ti lọ.

Jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, na ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà iwájú, di lìǹkéèjì mú, ọ̀pá tín-ín-rín tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ irin ìdènà fífì, gbọ̀n ọ́n dáadáa. Tó bá ń ṣe kẹ́-kẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ó ti lọ nìyẹn, kò sì wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí ẹnìkan máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì kí ìwọ gbé ọwọ́ lé sìpíríǹgì iwájú jẹ́jẹ́, tí sìpíríǹgì bá ń dúró tó tún ń fò lójijì, tí ohùn kan ń jáde bí ìgbà tí okùn já, báríǹgì orí ṣọ́ọ̀kì ló kú. Bọ́ọ̀ṣì tó wà lápá ẹ̀yìn lówà-aàmù, irin tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ló wá jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn lára Golf 4. Rọ́bà ńlá ni, ihò wà nínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kó lè rọ̀ fún ẹni tó jókòó, ibi ihò yẹn gan-an ló ti máa ń ya. Tó bá ti ya, bí o bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, o tú u sílẹ̀, á padà síwájú, gbá! Kò sí ṣọ́ọ̀kì tí o lè rà, ì báà jẹ́ ti olówó iyebíye, tó máa wo èyí sàn.

Bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sí Audi TT àkọ́kọ́ kò níhò nínú bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń wọ ojú ibi ti Golf 4 láìsí wàhálà torí egungun ìsàlẹ̀ kan náà, PQ34, ni wọ́n kọ́ ọkọ̀ méjèèjì lé. Èyí ni mo fi sí tèmi. Owó kékeré ni, sítíárìn sì yàtọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

*

Ẹnìkan láti Abẹ́òkúta ní kí n má dá a dúró lórí bọ́ọ̀ṣì, pé kó kúkú fi bọ́ọ̀ṣì oníke, ìyẹn poly, sí gbogbo ẹ̀, kó parí ọ̀rọ̀. Mi ò gbà pátápátá. Poly lágbára, kì í tètè ya, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gíríìsì tó yẹ ẹ́, tí gíríìsì bá gbẹ á máa ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, gbogbo ìró títì á sì máa wọlé bá ẹ nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń rin Ìbàdàn sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò etí ẹ̀. Rọ́bà tó nípọn tó fún un.

*

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ wàyí. Mo mọ ìdí tí mẹkáníìkì fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ là ń rà, gíá tòkunbọ̀ là ń rà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì, o lè sítáàtì ẹ̀ kí o gbọ́ ohùn ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀kì ò ṣeé wò. Ọ̀pá ni, písítíìnì ni, ọ́ìlì àti gáàsì díẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń wọlé ń jáde ni ọ́ìlì ń gba ojú ihò tóóró kọjá, agbára tó fẹ́ máa mì ọkọ̀ á wá di ooru, ooru ọ̀hún á jáde lára agolo ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé sọ́ọ̀bù ní Àràròmí tàbí Ládìípọ̀, ó ti sin ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún ọdún gbọọrọ, rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti gbó, fáfù inú ẹ̀ ti jẹ, wọ́n á fi epo fọ̀ ọ́, á máa dán. Ẹni tó ń tà á á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ, ọ̀pá á dìde fúnra ẹ̀, á ní "ṣé o rí i, ó ṣì ní gáàsì". Gáàsì ló gbé ọ̀pá dìde lóòótọ́. Kì í ṣe gáàsì ló ń dá ọkọ̀ dúró, ọ́ìlì àti fáfù ni, ọwọ́ èèyàn ò sì lè tì í yára tó bí kòtò ṣe máa ń tì í, nítorí náà ìdánwò yẹn ò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀.

Mo ra méjì fún ẹ̀yìn nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Oṣù mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ògèrè, tirélà kan dúró lójijì níwájú wa, mo tẹ bíréèkì níbi tí títì ti ṣe wúruwùru, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, táyà ń kan ilẹ̀ ó ń kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ sì ń yà sí apá òsì. Ọlọ́run ló bá wa dá a dúró. Táyà tí kò bá kan ilẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró, bíréèkì ì báà dára tó báwo. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oyún wà nínú ẹ̀. Látọjọ́ náà mi ò ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ mọ́, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i.

*

Ẹ̀yin tí ẹ fèsì pé "tòkunbọ̀ Sachs ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ", mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ayédèrú pọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kun ní yẹ́lò kó lè jọ Koni, ọ̀pá ẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe ká lọ ra èyí tó ti gbó, ká mọ bá a ṣe ń ra tuntun ni. Ní abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù, níbi tí táyà àpọ̀jù ń jókòó sí, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ àwọn kóòdù kéékèèké sí. Ó ń sọ irú sìpíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí ọkọ̀ náà bá jáde ní ilé iṣẹ́. Àwọ̀ kíkùn tóótòòtó tún wà lára sìpíríǹgì fúnra ẹ̀. Ya fọ́tò wọn, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà, nítorí tí o bá kàn sọ pé "Golf 4", ti 1.6 ni wọ́n máa gbé fún ẹ, ẹ́ńjìnnì 1.8T sì wúwo jù ú lọ. Bá a dúnàádúrà pé tí nọ́ńbà ara páálí àti ti ara ṣọ́ọ̀kì ò bá dọ́gba, o máa dá a padà. Ẹni tí kò bá gbà, kọjá síwájú.

Ẹ sì jẹ́ ká fi àwọn tó ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì gíá sí i, tí wọ́n á wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pa, sílẹ̀ o. Ọ́ìlì yẹn ki jù, á le bí òkúta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún jo.

*

Èwo wá ni kó rà? Ibí yìí ni ẹ̀yin èèyàn ti ń jà jù.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní agolo méjì, ọ̀kan nínú èkejì, gáàsì ẹ̀ ò le. Èkejì ní agolo kan ṣoṣo, wọ́n wá fi gáàsì náítírójìn tó lé ní 20 bar tì í nínú, kí ọ́ìlì má bàa hó bí ọṣẹ tó bá gbóná. Nígbà tí ọ́ìlì bá hó, atẹ́gùn ni písítíìnì ń tì, ṣọ́ọ̀kì á sọ agbára nù láàárín ọ̀nà. Bilstein tó wà ní Jámánì ló sọ oríṣi kejì yìí di ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò láti ọdún 1957, wọ́n bá Mercedes ṣe é. B4 wọn ni ti ọkọ̀ ojoojúmọ́, B6 ni alágolo kan tó le jù ú lọ ṣùgbọ́n tí gíga ọkọ̀ ò yí padà, B8 ni wọ́n gé kúrú fún ẹni tó ti fi sìpíríǹgì kúkúrú sí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra B8 kí ẹ fi sábẹ́ sìpíríǹgì ilé iṣẹ́, ọ̀pá ẹ̀ kò gùn tó. KYB ti Japan ní Excel-G, alágolo méjì. Sachs ni ọ̀pọ̀ Golf bá jáde. Koni yẹ́lò ti Netherlands ṣeé yí, o lè mú bó ṣe ń padà le tàbí rọ̀, àmọ́ ti ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan, àfi kí o tú u sílẹ̀ kí o tó lè yí i.

Èrò mi, mo sì dúró lé e: Excel-G tuntun tàbí Sachs tàbí B4, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, lórí sìpíríǹgì ilé iṣẹ́ tí kò tíì kán, yóò fún un ní irú GTI tí òun fúnra ẹ̀ ò tíì wà rí, torí kò tíì wà èyí tí gbogbo nǹkan ẹ̀ pé. B6 ni mo fi sí tèmi. Lórí márosẹ̀, ọkọ̀ jókòó lé títì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìgboro, lọ́nà Bẹẹrẹ tàbí Mọ́kọ́lá tí o kàn ń wọ́ ẹsẹ̀, gbogbo kòtò kékeré ni wàá mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ohun kan tún wà: agolo kan yẹn ni písítíìnì ń rìn nínú ẹ̀ gan-an, tí òkúta bá ta á tó jìn sínú, ó parí. Alágolo méjì lè gba òkúta kó má mọ̀ rárá. Fún ẹni tí owó ọwọ́ ẹ̀ ò pọ̀, mi ò ní sọ pé kó lọ sí B6 kó wá fi táyà tó gbó sílẹ̀.

Má fi méjì iwájú olówó gọbọi, méjì ẹ̀yìn jákujàku. Ẹ̀yìn á máa fò, iwájú á máa dúró, orí eré ni ìyẹn ti máa dojú tì ẹ́.

*

Ẹni tó fẹ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Àyè kan wà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà gòkè kó tó kan rọ́bà ìdábòbò tó wà lọ́rùn ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Tí o bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní 50 mm, inú àyè yẹn lo ti yọ 50 mm. Kòtò ò mọ̀ pé o ti yọ ọ́, bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀ ló ṣe jìn. Rọ́bà yẹn ni ọkọ̀ á máa jókòó lé, gbogbo ẹ̀ á wá dà bí kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ti Golf 4 tún wá burú sí i. Lówà-aàmù iwájú yẹ kó dà sílẹ̀ díẹ̀ lápá táyà. Tí o bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ jù, apá táyà á gbéra sókè ju apá inú lọ, ìgbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ fẹ́ máa fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú kọ́nà, sìpíríǹgì tó le ló kàn ń dì í mú. Ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú á tún súnmọ́ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ débi pé àwọn tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ púpọ̀ lókè òkun máa ń gé irin yẹn lójú kí ọ̀pá lè ráyè. Ọkọ̀ tó rẹwà tó dúró jẹ́jẹ́, kò yára ju èyí tó ga lọ. Mo ti bá ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ bí àkéekèé rìn láti Ṣágámù, gbogbo ibi tí títì ti fọ́ ló ti ń tẹ bíréèkì, mo ń kọjá ẹ̀.

Bó bá jẹ́ dandan, má ju 30 mm lọ, B8 pẹ̀lú sìpíríǹgì tó bá a mu. Coilover olówó pọ́ọ́kú, rárá. Irin olójú-ìdè ara ẹ̀ á dípẹtà mọ́ ara wọn nígbà òjò kan, kò ní ṣeé yí mọ́, ṣọ́ọ̀kì inú ẹ̀ gan-an kò sì dára tó Excel-G.

*

Àǹtí mi tó fèsì láti London, mo kí yín o. Ẹ ní coilover lẹ fi sí tiyín láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò rí wàhálà, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin yín ní kí ẹ máa ṣe, ń gbà á lọ́dọọdún. Mo gbà yín gbọ́, ẹ̀yin ẹ ra èyí tó dára, títì yín sì yàtọ̀. MOT yín tún ń wo ṣọ́ọ̀kì, èyí tó bá ń jo gidigidi á jẹ́ kí ọkọ̀ feèlì. Àwa ò ní irú ẹni tó máa fi tipátipá lé wa kúrò lójú títì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú ara wa la gbọ́dọ̀ fi wò ó. Àmì kan fún gbogbo wa: tí ara ṣọ́ọ̀kì bá kàn tutù fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn lókè, kò tíì burú. Tí ọ́ìlì bá ti ṣàn débi ìsàlẹ̀, ó ti lọ.

*

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ẹ̀ ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń dè é. O lè ra ṣọ́ọ̀kì tó dára jù láyé kí wọ́n pa á kó tó kúrò ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù.

Àkọ́kọ́, ọ̀pá. Wọ́n á fẹ́ de nọ́ọ̀tì òkè, ọ̀pá á máa yí tẹ̀lé e, wọ́n á fi páláyà gbá ibi tó ń dán mú. Ojú ibi tí páláyà bá ha, rọ́bà ẹnu ṣọ́ọ̀kì ló máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, á máa gé e díẹ̀díẹ̀, tó bá yá wọ́n á ní "ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ". Ihò wà lórí ọ̀pá fún sípánà kékeré tó ń dì í mú, kí wọ́n lò ó.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú Golf 4 wọ inú họ́ọ̀bù, irin tó gbé táyà dúró, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀, bóòtù kan ló fún un pọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń kì bọ ojú ibi tó là, tí wọ́n á yí i kó lè ṣí díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á jáde. Hámà ni wọ́n fi lù ú jáde lára tèmi nígbà àkọ́kọ́, họ́ọ̀bù sán.

Èyí tó wá ń jẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun láàárín oṣù díẹ̀: wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ẹsẹ̀ ń fì dirodiro, wọ́n á de bóòtù lówà-aàmù pinpin, wọ́n á wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Inú bọ́ọ̀ṣì yẹn, rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin, kì í yí, ńṣe ló ń lọ́. Ibi tí o bá ti de e ni ilé ẹ̀. Tí o bá de e nígbà tí ẹsẹ̀ ń fì, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀, ó wà ní lílọ́, tọ̀sán tòru, kó tó kúkú wọ kòtò. Kí wọ́n kàn án mọ́ra lásán, kí ọkọ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n wá de e pa. Dúró tì wọ́n. Tí wọ́n bá ní "bá a ṣe ń ṣe é látọjọ́ nìyí", sọ pé o mọ̀, ṣùgbọ́n tìẹ, kí wọ́n bá ẹ ṣe é báyìí. Bóòtù lówà-aàmù yẹn pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, torí wọ́n ń fà á débi tó máa nà. Ra tuntun.

Àwọn kan tún bi mí nípa rọ́bà táyà tí wọ́n ń gé kì sáàárín sìpíríǹgì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè ga nígbà tí wọ́n bá kó iṣu tàbí ẹrù ìnáwó. Apá ibi tí rọ́bà wà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, apá tó kù á máa ṣe iṣẹ́ méjì, ibẹ̀ ló máa kán. Yọ ọ́.

*

Àbúrò tó béèrè padà wá. Ó ní òun wò ó, lìǹkéèjì méjèèjì ti yọ̀, bọ́ọ̀ṣì ọ̀tún ti ya pátápátá, òun sì ti rí Excel-G mẹ́rin tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti ìwé abẹ́ búùtù mu. Inú mi dùn sí i gan-an. Ó wá béèrè pé ṣé kóun fi owó tó kù ra irin ìdènà fífì tó nípọn fún ẹ̀yìn, torí ó kà pé Golf máa ń dúró gbọin nínú kọ́nà tó bá ní in.

Mo ní rárá, kò tíì yá. Irin yẹn ń mú kí imú ọkọ̀ wọlé dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmú ẹ̀yìn ló ń gbà kó tó fún iwájú. Golf tó bá gba kọ́nà lórí eré ti máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn inú sókè tẹ́lẹ̀. Lórí títì tó tutù pẹ̀lú táyà tó ti gbó, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ lọ, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un padà ò pọ̀.

Táyà ni kó fowó náà rà. Ó ní ríìmù 18 pẹ̀lú 225/40 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà tóun rà á. Gíga ara táyà yẹn jẹ́ 90 mm. Ti 225/45 ríìmù 17 jẹ́ 101 mm, 205/55 ríìmù 16 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 113 mm. Táyà ni sìpíríǹgì àkọ́kọ́ tó ń pàdé kòtò, 23 mm ló sì wà láàárín 18 àti 16 yẹn. Fọganáísà tó wà lọ́nà ọ̀dọ̀ mi kì í sinmi títẹ́ ríìmù 18. Kó ta ríìmù yẹn, ó máa tètè tà torí ó rẹwà, kó ra 16 pẹ̀lú táyà tuntun mẹ́rin, kó sì ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá wọlé tán, kó wà á fún ọ̀sẹ̀ kan kí rọ́bà lè jókòó, kó tó lọ ṣe aláíǹmẹ́ǹtì. Kó sì kó ẹrù tó máa ń kó lọ sí Èkó sínú búùtù kó tó dé ibẹ̀.